Joseph Fourier: Ọmọ aránṣọ tí ìṣirò rẹ̀ ń sọ òǹkà di àwòrán

Ní ayé àtijọ́, bí ọba kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀, àrokò ni ó máa ń dì ránṣẹ́. Ó lè jẹ́ owó ẹyọ mélòó kan tí wọ́n sín sórí okùn, ó lè jẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ, ó sì lè jẹ́ èédú tí wọ́n wé sínú ewé. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka àrokò yóò wò ó títí, owó ẹyọ lásán ni yóò rí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà ni yóò mọ̀ pé owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà sí ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Ohun tí ó wà nínú ẹrù náà kò yí padà rárá. Ìmọ̀ ẹni tí ó gbà á ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fọ́tò inú kọ̀ǹpútà àti inú fóònù rí. Kò sí ojú níbẹ̀, kò sí imú, kò sí aṣọ. Òǹkà ni ó wà níbẹ̀, òǹkà tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn lọ rẹrẹẹrẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò kéré ju òdo lọ, tí kò sì ju 255 lọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní báìtì. Bí ènìyàn bá jókòó tí ó ń kà wọ́n sókè láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní mọ̀ bóyá ìyàwó tuntun ni wọ́n yà ni àbí màlúù. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ wọ́n di àwòrán gbọ́dọ̀ mọ òfin tí wọ́n fi dì wọ́n.

Nínú àwọn òfin náà, ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ayé òde òní ti inú ìmọ̀ ọkùnrin ará Faransé kan jáde, ẹni tí ó kú ní ọdún 1830, ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó kéde iṣẹ́ fọ́tò fún gbogbo ayé ní 1839. Kò sí fọ́tò òun fúnra rẹ̀ kan ṣoṣo láyé. Kọ̀ǹpútà kò sí nígbà ayé rẹ̀. Ohun tí òun ń wá ni bí ooru ṣe ń rìn nínú irin. Orúkọ rẹ̀ ni Jean-Baptiste Joseph Fourier.

Ìlú Auxerre, ní ẹkùn Burgundy nílẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹta, ọdún 1768. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀. Ìyàwó kejì tí bàbá náà fẹ́ ni ó bí i. Ọmọ méjìlá ni obìnrin náà bí, Joseph ni ó sì ṣe ìkẹsàn-án. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Kí ẹkún ìyá tó gbẹ lójú rẹ̀, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, bàbá náà tún kú. Báyìí ni Joseph di ọmọ òrukàn.

Àwọn aláàánú kan ní ìlú náà rí i pé orí ọmọ yìí pé, wọ́n sì fi í sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun tí àwọn mọ́ǹkì ìjọ Kátólíìkì ń darí ní Auxerre. Nígbà tí ó fi máa tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ìmọ̀ ìṣirò ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó máa ń ṣa ajẹkù àbẹ́là jọ káàkiri ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀sán. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti sùn lóru, yóò tan ajẹkù àbẹ́là náà, yóò sì jókòó ti ìṣirò rẹ̀. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti ka ìwé ìṣirò tí Bézout kọ tán, ìdìpọ̀ mẹ́fà gbáko.

Ó wù ú kí ó di ológun tí ń yin àgbá, nítorí pé iṣẹ́ àgbá yínyìn gba ìṣirò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ìgbà náà kì í ṣe ibi tí ọmọ tálákà ti ń di ọ̀gá ológun. Ọmọ ọlọ́lá ni wọ́n ń fi sípò bẹ́ẹ̀, ọmọ aránṣọ sì ni Fourier. Wọn kò gbà á. Nígbà tí ọ̀nà ìyẹn dí, ó lọ sí ilé àwọn mọ́ǹkì ní Saint-Benoît-sur-Loire ní ọdún 1787 láti kọ́ iṣẹ́ àlùfáà. Ó wà níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn mìíràn ní ìṣirò, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀jẹ́ tí ó fẹ́ jẹ́. Ní 1789, ọdún tí ilẹ̀ Faransé dojú rú tí àwọn ará ìlú gbógun ti ìjọba ọba wọn, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ ẹ̀jẹ́ náà, ó sì padà sí Auxerre láti máa ṣe olùkọ́.

Ìyípadà ńlá yẹn wù ú púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ṣèlérí ayé kan tí wọn kò ní máa bi ọmọ ènìyàn léèrè iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Ní 1793, ó wọ ìgbìmọ̀ àwọn ajàjàgbara ní ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí omi. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìjàngbara náà kọjú sí ara wọn, ẹ̀rọ abẹ́nilórí kò sì sinmi mọ́. Fourier fẹ́ fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, kò ṣeé ṣe. Nígbà tí ó dé ìlú Orléans, ó gbèjà àwọn kan tí àwọn alágbára dojú kọ, èyí sì sọ òun náà di ẹni ìfura. Ní oṣù Keje, ọdún 1794, wọ́n mú un, wọ́n tì í mọ́lé.

Ẹni tí ó bá wọ irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ ní oṣù yẹn lè má jáde láàyè. Ohun tí ó kó Fourier yọ ni pé ní ọjọ́ 28 oṣù Keje yẹn kan náà, wọ́n bẹ́ orí Robespierre, ẹni tí ó wà nídìí ìpànìyàn náà, ìjọba sì yí padà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Ká ní wọ́n ti pa á ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ì bá kú sí, kò sì sẹ́ni tí ì bá tún dárúkọ rẹ̀ lónìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1795, ìjọba ṣí ilé ẹ̀kọ́ tuntun kan ní Paris láti kọ́ àwọn olùkọ́, Fourier sì wà lára àwọn tí wọ́n mú. Níbẹ̀ ni ó ti jókòó lábẹ́ àwọn àgbà ìṣirò mẹ́ta tí ayé ń wárí fún: Lagrange, Laplace àti Monge. Kí ẹ̀yin òǹkàwé fi orúkọ Lagrange àti Laplace sọ́kàn, nítorí pé wọn yóò tún padà wá nínú ìtàn yìí. Wọ́n fẹ́ràn ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Lẹ́yìn èyí ó di olùkọ́ ní École Polytechnique, wọ́n tún tì í mọ́lé lẹ́ẹ̀kan sí i fún ìgbà díẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú àtẹ̀yìnwá, ó sì tún jáde. Nígbà tí ó di 1797, òun ni wọ́n fi rọ́pò Lagrange fúnra rẹ̀ lórí àga olùkọ́ àgbà.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Napoleon kó ọmọ ogun lọ sí ilẹ̀ Íjíbítì, ó sì kó àwọn onímọ̀ dání. Fourier bá wọn lọ. Ní Cairo, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sílẹ̀ ní 1798; Monge ni alága, Fourier sì ni akọ̀wé. Ọdún mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀, ó ń bá wọn ṣètò ìwádìí lórí àwọn ilé àtijọ́ àti àwọn òkúta tí ó kún fún àmì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n kà mọ́. Ní 1799 ni wọ́n rí òkúta Rosetta, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ní ọ̀nà mẹ́ta. Ooru ilẹ̀ Íjíbítì wọ Fourier lára débi pé, lẹ́yìn tí ó padà sílé ní 1801, wọ́n ròyìn pé kò fẹ́ kí òtútù kan òun mọ́. Aṣọ tí ó nípọn ni ó máa ń wọ̀ àní nígbà tí ojú ọjọ́ kò tutù.

Ó rò pé òun yóò padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n Napoleon ní èrò mìíràn. Ní 1802 ó fi Fourier ṣe ajẹ́lẹ̀ ẹkùn Isère, tí olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Grenoble. Fourier ṣe iṣẹ́ náà dáradára. Ó bá àwọn abúlé tí ó yí àbàtà Bourgoin ká sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà kí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tí ó gba orí òkè láti Grenoble lọ sí Turin. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún ìwé ńlá tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀ Íjíbítì. Ọmọkùnrin kan wà ní Grenoble nígbà náà, Champollion ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí èdè àtijọ́ jẹ lógún. Fourier fi àwọn ohun tí ó kó bọ̀ láti Íjíbítì hàn án, pẹ̀lú àwọn àmì tí ó wà lára wọn. Èyí náà yóò so èso.

Láàrin gbogbo iṣẹ́ ìjọba yìí ni ó ti wá àyè fún ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí ó sùn: bí wọ́n bá fi iná sí apá kan irin, báwo ni ooru náà ṣe ń tàn dé àwọn apá yòókù? Ó mú òrùka irin, ó mú un gbóná níbì kan, ó sì ń fi ìwọ̀n ooru yẹ̀ ẹ́ wò níbi púpọ̀ bí àkókò ti ń lọ. Ó rí i pé òun lè kọ òfin tí ooru ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kíkọ òfin kò tó. Ó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí yóò fi ṣírò ìdáhùn rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó rí kò ṣòro láti yé ẹni tí ó bá ti dúró ní òde ìnáwó rí. Bí àwọn onílù bá ń lù, ohùn kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ ń gbé wá sí etí. Síbẹ̀, ẹni tí etí rẹ̀ mọ ìlù yóò yọ ti ìyá ìlù sọ́tọ̀, yóò yọ ti gúdúgúdú sọ́tọ̀, yóò sì yọ ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀. Fourier ní bẹ́ẹ̀ náà ni ooru tí ó pọ̀ níhìn-ín tí ó sì kéré lọ́hùn-ún ṣe rí. Ènìyàn lè tú u sí ìgbì: ìgbì kan tí ó gùn gbọọrọ, òmíràn tí ó kúrú jù ú lọ, òmíràn tí ó tún kúrú sí i, kí ó sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Bí ó bá tún kó gbogbo wọn lé ara wọn, ohun tí ó tú náà ni yóò padà jáde. Ó tún rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ìgbì náà ń kú lọ lọ́nà tirẹ̀. Ìgbì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlàjì ti èkejì a máa yára kú ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí àwọn ìyàtọ̀ wẹ́wẹ́ fi ń kọ́kọ́ pòórá nínú irin gbígbóná, tí èyí tí ó gbòòrò sì ń pẹ́.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 1807, wọ́n gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Paris. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni Lagrange, Laplace, Monge àti Lacroix. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ohun tí Fourier sọ ni pé irú ìlà yòówù tí ènìyàn ìbáà fà, ìbáà jẹ́ èyí tí ó ní igun ṣóńṣó, ìbáà jẹ́ èyí tí ó gé lójijì bí ògiri, ènìyàn lè fi ìgbì tí ń yí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kọ ọ́. Lagrange kò gbà. Lójú rẹ̀, ìgbì kò ní igun. Báwo wá ni ohun tí kò ní igun yóò ṣe para pọ̀ di ohun tí ó ní igun? Kì í ṣe ìlara ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ronú lórí ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà èwe rẹ̀, àríwísí rẹ̀ sì ní ìtumọ̀, nítorí pé ẹ̀rí tí Fourier mú wá kò dí gbogbo ihò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìdáhùn Fourier wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú irin, ó bá a mu.

Wọn kò tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ní 1811, ẹgbẹ́ náà gbé ìdíje kalẹ̀ lórí bí ooru ṣe ń rìn, Fourier tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì fi ránṣẹ́. Lagrange àti Laplace tún wà lára àwọn adájọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1812, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn náà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ mọ́ ìdájọ́ wọn pé àbùkù wà nínú ọ̀nà tí ó gbà dé ibi tí ó dé. Wọn kò tún tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì lè jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà, pàápàá ẹni tí ó ti ní ipò, tí ó ti ní oyè, tí ìjọba kò sì bi í léèrè ìṣirò. Fourier kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní odindi ìwé.

Bí ó ti ń kọ ìwé náà lọ́wọ́ ni ìjọba tún dojú rú. Napoleon bọ́ lórí oyè ní 1814, ó tún padà wá ní 1815, Grenoble gan-an ni ó sì gbà kọjá. Fourier, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọba nígbà náà, sá kúrò ní ìlú náà. Napoleon bínú, lẹ́yìn náà inú rẹ̀ yọ́, ó sì fi í ṣe ajẹ́lẹ̀ ẹkùn Rhône. Kò pẹ́ tí Fourier fi kọ̀wé fipò náà sílẹ̀. Nígbà tí Napoleon ṣubú pátápátá, ọba kò fẹ́ rí ẹni tí ó bá a ṣe. Ọkùnrin tí ó ti ń darí odindi ẹkùn wọ Paris láìní iṣẹ́, owó díẹ̀ ni ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan, Chabrol, tí ó ti di ajẹ́lẹ̀ ẹkùn Seine, ni ó rántí oore, ó sì fi í sí iṣẹ́ àkójọ òǹkà ìlú. Ní 1816 àwọn onímọ̀ dìbò yàn án sínú ẹgbẹ́ wọn, Ọba Louis Kejìdínlógún kọ̀ ọ́. Ní 1817 wọ́n tún dìbò yàn án, ọba sì gbà.

Ní ọdún 1822, ìwé náà jáde, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé ni Théorie analytique de la chaleur. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi Fourier ṣe akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà, ní ẹ̀ka ìṣirò. Nígbà tí ó ti dé ipò yìí, ó mú iṣẹ́ tí wọ́n dá lẹ́jọ́ ní 1812, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde láàrin 1824 àti 1826. Ọdún 1822 yẹn náà ni Champollion, ọmọkùnrin Grenoble, kéde pé òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka àmì àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Ní ọdún kan ṣoṣo, àwọn ọ̀rẹ́ méjì ṣí ilẹ̀kùn méjì: ọ̀kan sọ àmì ara òkúta di ọ̀rọ̀, èkejì fi bí ènìyàn ṣe lè tú ìrísí yòówù sí òǹkà, kí ó sì kó o jọ padà, han ayé.

Fourier kò gbé ìyàwó. Ní ọdún tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, àìsàn kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Síbẹ̀ ó ń kọ̀wé. Ní 1824 àti 1827 ó kọ nípa bí afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká ṣe ń dá ooru oòrùn dúró, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ lónìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1830, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ara rẹ̀ sì burú sí i. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù náà ní Paris, ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Père-Lachaise.

Kí ó tó kú, ó ti rí ẹni tí yóò dí ihò inú ẹ̀rí rẹ̀. Ní 1829, Dirichlet, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì tí ó ti mọ Fourier ní Paris, fi ẹ̀rí tí ó dúró ṣinṣin hàn lórí irú ìlà tí ọ̀rọ̀ Fourier bá mu. Ó wá hàn pé Lagrange tọ̀nà díẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn lè ronú kàn ni ọ̀rọ̀ náà dé. Ó sì hàn pé Fourier ni ó tọ̀nà jù, pé ó dé àwọn ohun tí ènìyàn ń bá pàdé lójoojúmọ́, igun wọn àti ògiri wọn.

Ìṣòro tí ó kù ni pé ìṣirò náà pọ̀. Bí òǹkà bá jẹ́ 1,024, títú wọn sí ìgbì ní tààrà yóò gba ìsodipúpọ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ní 1965, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, James Cooley àti John Tukey, tẹ ọ̀nà àbùjá kan jáde tí ó dín in kù sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó mọ̀ pé Gauss ará Jámánì ti kọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1805 láìtẹ̀ ẹ́ jáde. Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ti lè ṣe iṣẹ́ Fourier kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Ẹ wá wo bí báìtì ṣe ń di àwòrán. Bí wọ́n bá kó báìtì 12 fún ètò kọ̀ǹpútà láìsọ ohun mìíràn, kò lè ya ohunkóhun. Nínú àwòrán aláwọ̀, báìtì mẹ́ta ni ó sábà máa ń dúró fún àmì tóótòtó kan: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Báìtì 12 yóò jẹ́ àmì mẹ́rin. Ṣé méjì lókè, méjì nísàlẹ̀ ni, àbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí ìlà kan? Bí kò bá sì ní àwọ̀, àmì 12 ni. Bí ẹni tí ó kọ kóòdù bá fi àmì kan péré ṣi fífẹ̀ àwòrán náà mú, ìlà kọ̀ọ̀kan yóò yẹ̀ kúrò lábẹ́ èkejì, ojú ènìyàn yóò sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí aṣọ tí wọ́n rán gbé. Bí ó bá fi pupa sí ipò búlúù, ènìyàn dúdú àti òyìnbó yóò jọ di aláwọ̀ aró. Báìtì kò ní àléébù. Òfin kíkà wọn ni ẹni náà kò mọ̀.

Àwòrán tí ó fẹ̀ ní àmì 1,000 tí ó sì ga ní àmì 1,000 yóò gba báìtì 3,000,000. Èyí wúwo láti fi ránṣẹ́. Ní 1974, Nasir Ahmed, ọmọ bíbí ilẹ̀ Íńdíà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Natarajan àti Rao, tẹ ọ̀nà kan jáde tí ó jẹ́ ìbátan ti Fourier, tí ó ń lo irú ìgbì kan ṣoṣo tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní kosáìnì. Ọ̀nà náà ni wọ́n gbé ìlànà JPEG kalẹ̀ lé lórí ní 1992. Kì í ṣe gbogbo fáìlì àwòrán ni ó ń lò ó. PNG, fún àpẹẹrẹ, ní ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n JPEG ni àìmọye fọ́tò tí kámẹ́rà ń yà àti èyí tí ó wà lójú ewé ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Báìtì méjì àkọ́kọ́ nínú fáìlì JPEG máa ń jẹ́ 255 àti 216. Àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò ka bí àwòrán náà ṣe fẹ̀ tó àti bí ó ṣe ga tó, yóò tú òǹkà tí wọ́n ká jọ, yóò sì rí i pé wọ́n ti gé àwòrán náà sí ìgun mẹ́rin kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì mẹ́jọ ní fífẹ̀, mẹ́jọ ní gíga, àpapọ̀ 64. Ohun tí wọ́n kọ pamọ́ kì í ṣe àwọ̀ àmì kọ̀ọ̀kan, bí kò ṣe bí ìgbì 64 ṣe tóbi tó. Àkọ́kọ́ ń sọ bí gbogbo ìgun náà ṣe mọ́lẹ̀ tó lápapọ̀. Àwọn yòókù ń sọ ìyàtọ̀ inú rẹ̀, láti èyí tí ó gbòòrò dé èyí tí ó wẹ́. Èyí tí ó wẹ́ jù ni ojú ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì ti ju púpọ̀ nínú wọn nù. Ìdí nìyí tí fáìlì náà fi lè kéré tó ìdá kan nínú mẹ́wàá láìjẹ́ pé ojú fura. Kọ̀ǹpútà yóò kó ìgbì náà lé ara wọn, yóò sọ wọ́n di pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, yóò sì tò wọ́n sórí gíláàsì fóònù. Ohun tí Fourier rí nínú òrùka irin, pé ìyàtọ̀ wẹ́wẹ́ ni ó ń kọ́kọ́ lọ, tí ìrísí gbòòrò sì ń kù, òun náà ni ó wà nínú fọ́tò ìgbéyàwó.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kan ẹ̀mí jù ni ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ MRI, tí wọ́n fi ń wo inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn láìfi ọ̀bẹ kan ara, kì í ya fọ́tò rárá. Ohun tí ó ń gbà láti ara aláìsàn ni ìgbì, ó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀ ní òǹkà. Bí wọ́n bá gbé òǹkà náà sójú gíláàsì bí ó ti wá, ìmọ́lẹ̀ kan láàrin àti ohun tí ó dà bí eruku yíká ni dókítà yóò rí. Ní 1975, Richard Ernst, ará Switzerland, fi hàn bí wọ́n ṣe lè lo ìṣirò Fourier láti sọ wọ́n di àwòrán. Ní 1991 ó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místrì fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí irú ìgbì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìṣirò náà bá kọjá lórí òǹkà yẹn, ọpọlọ ènìyàn yóò yọ kedere, kókó inú rẹ̀ yóò sì hàn bí ó bá wà níbẹ̀. Òǹkà kan náà ni. Láàrin eruku yẹn àti ìwòsàn, òfin kíkà nìkan ni ó dúró.

Ní 1849, àwọn ará Auxerre gbé ère idẹ ńlá kalẹ̀ fún ọmọ wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n yọ́ ère náà láti fi rọ ohun ìjà. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára orúkọ 72 tí wọ́n kọ sára ilé gogoro Eiffel ní Paris, ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ tí ó tóbi jù kò sí lára irin tàbí idẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àìgbàgbọ́ àwọn àgbà tí kò purọ́, tí wọ́n kàn ṣiyè méjì, náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọmọ òrukàn tí ó fi ajẹkù àbẹ́là kàwé di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbàkígbà tí fóònù bá sì gba òǹkà tí ojú ọmọ tàbí ojú ìyá jáde láti inú rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ ni ó tún tan ìmọ́lẹ̀.